Ọkọ̀-Ilé Lórí Adágún Powell: Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Múra Ìsinmi Orí Omi

Orí yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ fẹ́ kó mọ̀lẹ́bí méjì mẹ́ta tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ jọ lọ sinmi lórí omi fún ọjọ́ mẹ́rin títí dé ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀-ilé jẹ́ ọkọ̀ ojú omi gbàǹgbà tó ní yàrá, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti òrùlé tí èèyàn lè jókòó sí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó wà á. Ohun tó mú ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn: bí nǹkan bá bà jẹ́ lóru, ẹ̀yin náà lẹ ó kọ́kọ́ dìde sí i.

Àárín ìpínlẹ̀ Utah àti Arizona ni Adágún Powell wà. Dáàmù Glen Canyon ló sé odò Colorado. Ọdún 1963 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ, ó di 1980 kó tó kún dẹ́nu. Àfonífojì olókùúta ni omi náà bò mọ́lẹ̀, ìdí rèé tí ibì kan fi lè jìn gan-an kí òkúta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ tún ti fa omi ibẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2000, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó lọ sílẹ̀ ju bó ti wà rí lọ láti ìgbà tó ti kún. Máàpù àtijọ́ lè fi omi hàn yín níbi tí òkúta wà lónìí. Wahweap, lẹ́bàá ìlú Page ní Arizona, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbéra. Ẹni tó bá wọ bàálù dé Las Vegas ṣì máa wa mọ́tò fún bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lọ́kọ̀ sábà máa ń fi ìdákọ̀ró, okùn, ìkòkò, àwo àti life jacket sínú ọkọ̀. Ẹ bèèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan kó dá yín lójú, kí ẹ wá fi ìwọ̀nyí kún un:

• Life jacket tó bá ara ọmọ kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ nílé, ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹ wá di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá yọ dé etí ọmọ, ó ti tóbi jù.
• Ṣọ́bìrì onírin méjì, àti ìbọ̀wọ́ awọ fún àwọn tó máa mú okùn.
• Ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń ké bí gáàsì carbon monoxide bá wọlé, ẹyọ kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ní tirẹ̀.
• Rédíò VHF tí a ń mú lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ kọ̀rọ̀ adágún yìí, fóònù kì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ìkànnì 16 ni wọ́n fi ń ké pe àwọn aṣọ́gbà National Park Service bí wàhálà bá dé.
• Máàpù tuntun tí a tẹ̀ sórí bébà, tọ́ọ̀ṣì tó tó, aṣọ funfun tí ẹ lè fà ya.
• Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, àti oògùn àwọn àgbà. Ẹ pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà sí báàgì méjì. Bí ọ̀kan bá bọ́ sómi, èkejì á wà.
• Omi mímu gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ooru ibẹ̀ ní oṣù Keje máa ń kọjá 35°C, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, èèyàn kì í mọ ìgbà tí omi ara òun ń tán. Ẹ mú fìlà àti ìpara oòrùn dání. Ara dúdú náà ń jó.

Ní ti oúnjẹ, ẹ se ọbẹ̀ nílé, ẹ dì í sínú ike pẹrẹsẹ kí ẹ sì jẹ́ kó dì gan-gan nínú firísà. Ọbẹ̀ dídì á bá yín mú kúlà tutù fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀bà rọrùn lórí ọkọ̀ ju àmàlà lọ, nítorí omi gbígbóná nìkan ló ń fẹ́. Ẹni tó máa ro àmàlà gbọ́dọ̀ dúró dé ìgbà tí ọkọ̀ bá ti so. Èyí tí a ń din nínú epo gbígbóná, bíi dòdò àti àkàrà, kò gbọ́dọ̀ wà lórí iná nígbà tí ọkọ̀ ń rìn: ìgbì ọkọ̀ kan tó bá sáré kọjá tó láti da epo sí èèyàn lára. Kí gàrí, ṣúgà àti ẹ̀pà tó jẹ fún ọjọ́ kan àfikún wà nínú ẹrù, fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ní ẹ kò ní kúrò níbi tí ẹ wà.

Kí ẹ tó kúrò nílé

1. Ẹ yan ọ̀gá atukọ̀ kí ẹ tó yan ọkọ̀. Èmi ò mọ ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì tó èyí. Ẹni tó fara balẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ariwo èèyàn kó òun láyà jẹ, tó sì lè sọ pé rárá ni kí ẹ mú, ì báà jẹ́ òun ló kéré jù nínú àwọn àgbà ibẹ̀. Ẹ yan igbákejì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì kò ní mu ọtí títí ọkọ̀ á fi so, lójoojúmọ́. Òfin àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì sì fi ìjìyà sí i fún ẹni tó bá mutí wa ọkọ̀ ojú omi.

Láàrin àwa Yorùbá, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ló di ìtukọ̀ mú, bàbá ẹni àádọ́rin ọdún wá ní òun fẹ́ kí wọ́n débi àpáta kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ rí i pé afẹ́fẹ́ ń le, ojú ń tì í láti dá àgbà lóhùn. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ti gbé ọkọ̀ gun òkúta. Ẹ yanjú rẹ̀ nílé. Ẹ bẹ àgbà tó dàgbà jù nínú yín pé kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé, lójú gbogbo èèyàn, pé ohun tí ọ̀gá atukọ̀ bá wí lórí omi, òun náà á tẹ̀ lé e. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ àgbà nínú ọkọ̀ yìí nìyẹn, láti gbè lẹ́yìn ẹni tó ń tukọ̀. Bí ọjọ́ náà bá wá pé, gbólóhùn kan ti tó: “Ẹ má bínú sir, a ò ní kúrò níbí lónìí.” Kò ní sí àríyànjiyàn lẹ́yìn rẹ̀.

2. Ẹ ka iye èèyàn, àti ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ gba méjìlá, méjìlá náà ni, kì í ṣe méjìlá àti àwọn ọmọ tó máa sùn lẹ́sẹ̀ ìyá wọn. Ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé wà lára ohun tó ń jẹ́ kó léfòó dọ́gba. Ẹ tún bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wẹ̀ á máa wọ life jacket nígbàkigbà tó bá wà níta lórí ọkọ̀. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, òfin ló ní kó máa wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn; ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó má bọ́ ọ bí ọkọ̀ bá so pàápàá, àyàfi tó bá wà nínú yàrá.

3. Ẹ kó owó jọ. Àjọ ló dára jù fún irú nǹkan yìí: kí gbogbo ilé máa dá iye kan lóṣooṣù sọ́wọ́ akápò kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, nítorí pé wọ́n máa ń gba ọkọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tán kíákíá. Owó ọkọ̀ nìkan kọ́ lẹ ó ṣírò. Epo wà níbẹ̀, ó sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu, nítorí ẹ́ńjìnnì méjì àti jẹnẹrétọ̀ ló ń mu ún. Owó ìwọlé sí ọgbà ìjọba wà níbẹ̀. Owó àsansílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ máa dì mú nítorí ìbàjẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ fẹnu kò ṣáájú pé gbogbo ẹgbẹ́ ló máa ru ìbàjẹ́, bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá yẹ̀ lẹ́yìn tí a ti san owó, ṣé a máa dá tirẹ̀ padà? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

4. Ẹ ka ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìbéèrè lọ́wọ́. Ibo ni èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà jáde: ìdí ọkọ̀ lẹ́bàá omi ni, àbí páìpù tó gbé e kọjá òrùlé? Bí ẹ bá lè rí ti orí òrùlé, òun ni kí ẹ yá. Ta ni wọ́n gbà láyè láti wà á, ọmọ ọdún mélòó? Fáànù ẹ́ńjìnnì tó bá kọ lu òkúta ńkọ́, ta ló ń san án? Bí ọkọ̀ bá kú láàrin adágún, wákàtí mélòó ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó dé? Ọ̀nà ìgbékọ̀sómi wo ló ṣí lọ́sẹ̀ yẹn? Ibùdó Dangling Rope tó wà láàrin adágún, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń ra epo nígbà kan, ti wà ní títì láti 2021. Ẹ má fi í sínú ìṣirò epo yín.

5. Ẹ yan ìgbà. Oṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún, afẹ́fẹ́ máa ń le, omi sì tutù débi pé ẹni tó bá já sínú rẹ̀ lójijì lè má rí èémí mí. Oṣù Kẹfà gbóná, ojú ọ̀run sì mọ́. Láti oṣù Keje títí dé àárín Ìkẹsàn-án, òjò òjijì àti àrá máa ń wá lọ́sàn-án. Òpin oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù fún ẹgbẹ́ tí kò ní ọmọ iléèwé: èrò ti dín, omi ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ní èbúté

Arizona kì í yí aago padà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Utah ń yí i. Fóònù yín lè máa fò síwá sẹ́yìn ní wákàtí kan bí ẹ ṣe ń sún mọ́ ààlà. Ẹ fẹnu kò pé aago Arizona lẹ ó máa lò, kí ẹnì kan sì wọ aago ọwọ́ tí kì í yí ara rẹ̀ padà, kí ẹ má baà pẹ́ dé ibi ìgbọkọ̀ tàbí ibi ìdápadà.

Ọ̀gá atukọ̀ àti igbákejì gbọ́dọ̀ jọ wà níbẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá ń kọ́ni ní ọkọ̀ náà. Ẹ fi fóònù ya fídíò ohun tó ń sọ nípa jẹnẹrétọ̀, gáàsì ìdáná, táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ àti bí a ti ń tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ha tàbí tẹ̀ wọnú, títí kan fáànù inú omi bí wọ́n bá lè gbé e sókè fún yín. Ẹ ka life jacket níye. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò lára ẹ̀rọ gáàsì yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké; ẹ pe àwọn ọmọ kí àwọn náà gbọ́ ọ.

Ìgbọ̀nsẹ̀: bébà nìkan ló ń bá a lọ. Ìnura olómi tí a fi ń nu ọmọ ìkókó máa ń dí páìpù, táǹkì tó bá sì dí lọ́jọ́ kejì á ba ìyókù ìsinmi jẹ́. Kò sí ohunkóhun láti inú táǹkì yìí tó gbọ́dọ̀ kan adágún. Ibùdó tí wọ́n ti ń fa táǹkì wà ní èbúté.

Wíwà á

Ọkọ̀-ilé gùn, ó ga, ó sì fúyẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń tì í síwájú, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyípo kó tó di dandan, kí ẹ sì dín eré kù kó tó pẹ́ jù. Kò ní búréèkì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró níwájú láti máa wo òkúta, ẹnì kan lẹ́yìn. Ẹ máa tẹ̀ lé àwọn àmì oníye tó léfòó lójú ọ̀nà omi. Iye ara wọn ń fi bí ẹ ṣe jìnnà sí dáàmù tó hàn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nìkan lẹ ó fi rìn. Ọ̀gá atukọ̀ tó gbọ́n á ti máa wá ibi tó máa so sí láti aago méjì ọ̀sán, nítorí pé etí omi tó dára máa ń kún, ìpinnu tí a bá sì ṣe nígbà tí oòrùn ń wọ̀ kì í dára.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó síwájú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fì lẹ́bàá omi: ẹni tó bá já níbẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ ló ń lọ, fáànù sì wà nídìí. Fọ́tò aṣọ ẹbí, gèlè àti agbádá, ẹ fi í sí ìgbà tí ọkọ̀ bá ti so. Afẹ́fẹ́ orí òrùlé ń fa aṣọ gbòòrò, okùn sì ń kọ́ ọ.

Síso ọkọ̀ mọ́ etí omi

Ẹ má kánjú níbí. Etí omi oníyanrìn tó rọra dagun ni kí ẹ wá, tí òkúta kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rán ẹnì kan nínú ọkọ̀ kékeré, tàbí kí ẹnì kan tó mọ̀wẹ̀ tó sì wọ life jacket lọ, láti fi ọ̀pá wo ìsàlẹ̀ omi. Ẹ má so sí ẹnu àfonífojì àpáta tóóró tí òjò ti gbẹ́. Òjò tó rọ̀ níbi tó jìnnà, tí ẹ ò gbọ́ àrá rẹ̀, lè rán àgbàrá wá gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá atukọ̀ á wa ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, tààrà, títí iwájú á fi gun yanrìn. Kò ní pa ẹ́ńjìnnì. Á jẹ́ kó máa tì í síwájú jẹ́jẹ́ kí ọkọ̀ má baà yí, títí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi fà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, kó má sì dúró sáàárín ọkọ̀ àti àpáta.

Àwọn tó ní ṣọ́bìrì á gbẹ́ ihò mẹ́rin, méjì lápá kọ̀ọ̀kan, tó jìnnà sí ọkọ̀ dáadáa, tó jinlẹ̀ dé orúnkún, ó kéré tán. Okùn méjì ti iwájú, méjì ti ìdí. Ti ìdí ló gbọ́dọ̀ gùn jù, kó sì ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí apá tí a nà síta, nítorí òun ló ń dá ìdí ọkọ̀ dúró nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ ìdákọ̀ró sínú ihò kí eyín rẹ̀ dojú kọ ọkọ̀, ẹ da yanrìn bò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pin-pin. Lẹ́yìn náà kí èèyàn méjì fa okùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Bí yanrìn orí ihò bá mì, ẹ wú u kí ẹ sì gbẹ́ ẹ jìn sí i. Lójú àpáta tí kò sí yanrìn, inú ìlà tó là lára òkúta ni wọ́n ń há ìdákọ̀ró sí. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí, kó wá yanrìn lọ.

Ẹ so aṣọ funfun mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ má kọsẹ̀ lóru. Ẹ wò wọ́n ní àṣálẹ́, ẹ tún wò wọ́n láàárọ̀. Ojú omi ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀, okùn tó le lánàá lè ti dẹ̀.

Èéfín

Ẹni tó ti gbé nílé mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí kọ̀rọ̀dọ̀ lè pa odindi ìdílé mọ́jú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí omi, níta gbangba, lójú oòrùn, ibẹ̀ sì ni kì í tètè yé èèyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé, pèpéle tí wọ́n ti ń bọ́ sómi wà nídìí ọkọ̀, níbi tí ẹnu páìpù èéfín wà gan-an. Gáàsì carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń kó jọ sábẹ́ pèpéle náà, ọmọ tó lúwẹ̀ẹ́ wọ ibẹ̀ lè dákú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ kó sì rì láìké. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 2000 ka èèyàn 111 tí gáàsì yìí ṣe ní jàǹbá lórí ọkọ̀ ní Adágún Powell láti 1990; 74 nínú wọn jẹ́ ti ọkọ̀-ilé, 7 nínú àwọn yẹn sì kú.

Òfin tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ rèé: kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sómi, a ti pa jẹnẹrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ọ̀gá atukọ̀ sì ti mú kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ gbá ibẹ̀ mọ́ kí àwọn ọmọ tó já. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ pèpéle, bí ohunkóhun tilẹ̀ já síbẹ̀. Àgbàlagbà kan tó mọ̀wẹ̀ á máa ṣọ́ omi, láìmú fóònù, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń ní oòrùn ló mú un, tàbí ìgbì. Bí èèyàn méjì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gáàsì ni kí ẹ kà á sí: ẹ pa gbogbo ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé wọn síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ ké sí ìkànnì 16. Ẹ̀rọ tó bá ń ké lóru, ẹ má yọ bátìrì rẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá so sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ lè máa fẹ́ sí fèrèsé yín. Ẹ lọ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Afẹ́fẹ́, àpáta, àti ilẹ̀ onílẹ̀

Bí ojú ọ̀run bá ṣú lọ́sàn-án, ẹ má gbéra. Bí ó bá ká yín mọ́ ojú omi, ẹ wá kọ̀rọ̀ tí àpáta dá afẹ́fẹ́ dúró fún, kí gbogbo èèyàn wọ life jacket, àgbà àti ọmọdé, kí wọ́n sì kúrò lórí òrùlé. Ọjọ́ kan tí ẹ pàdánù lórí ètò yín kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gàrí wà nílẹ̀.

Fífò láti orí àpáta máa ń wu àwọn ọ̀dọ́. Ọgbà náà ti fòfin de fífò láti ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ sọ ọ́ fún wọn nílé. Apá gúúsù adágún kan ilẹ̀ Navajo, ẹni tó bá fẹ́ rìn lórí ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Rainbow Bridge, afárá òkúta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 290, wà ní nǹkan bí àádọ́ta máìlì sí Wahweap lójú omi. Ibi mímọ́ ló jẹ́ fún àwọn Navajo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, wọ́n sì ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọ tó mọ̀ pé a kì í wọ igbó orò lásán á tètè lóye.

Dídá ọkọ̀ padà

Ẹ sún mọ́ èbúté ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìdápadà, kí ẹ so sí ibi tí kò ju wákàtí méjì lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láàárọ̀, ẹ ṣì ní àyè. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ kékeré tàbí pákó ìwakọ̀ tiyín wá, ẹ nù ún, ẹ da omi inú rẹ̀ nù pátápátá, ẹ sá a kó gbẹ: ẹran omi oníkarahun kékeré tí wọ́n ń pè ní quagga ti gba adágún yìí, òfin sì lòdì sí gbígbé e lọ sí omi mìíràn.

Kí akápò àti ọ̀gá atukọ̀ jọ rìn yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ẹ gba ìwé tó sọ iye epo tí ẹ san àti ìbàjẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò rí. Owó àsansílẹ̀ lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó padà. Akápò kò ní pín kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí á fi rí i nínú àkáǹtì.